Yí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wò: Bí A Ṣe Ra SSD Olówó Pọ́ọ́kú fún Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Bàbá mi ní àṣà kan tí gbogbo wa mọ̀ nílé wa ní Ìtọ́kò, l'Ábẹ́òkúta. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn á tan kọ̀ǹpútà, wọn á sì dìde kúrò nídìí rẹ̀. Wọn á lọ da oúnjẹ fún àwọn adìẹ lẹ́yìnkùlé, wọn á bọ́jú, wọn á gbọ́ ìròyìn díẹ̀ lórí rédíò, kí wọ́n tó padà wá jókòó. Nígbà mìíràn wọ́n á padà dé, ẹ̀rọ náà kò ní tíì ṣí tán. Lọ́jọ́ kan mo fi fóònù mi ka àkókò rẹ̀: ó lé ní ìṣẹ́jú 6 kí ó tó jẹ́ kí èèyàn ṣí ìwé kan ṣoṣo. Wọn kò ṣàròyé rí. Èmi ni ó ń dùn, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣe.

Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, ìtàn agbolé wa ni wọ́n ń kọ: ibi tí àwọn baba wa ti ṣí wá nínú igbó Ẹ̀gbá kí wọ́n tó tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé, ta ló bí ta, ilẹ̀ wo ni ti ta. Wọ́n ya fọ́tò àwọn ìwé ilẹ̀ tí ikán ti ń jẹ létí. Wọ́n lọ bá àwọn àgbà nílé wọn, wọ́n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859 kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ìtàn agbolé kan ti máa sọnù nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, irú èyí tó ń dúró sábẹ́ tábìlì, ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà.

Lọ́dún tó kọjá, háàdì díìsìkì inú rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó gbogbo fáìlì pamọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ sí í dún káká, káká. Ẹ̀rù bà mí. Mo rí ìpolówó kan lórí fóònù: SSD àfọwọ́gbé, irú ohun ìkó-fáìlì-pamọ́ tó ń rọ́pò háàdì díìsìkì, 2TB (ìyẹn 2,000GB), owó rẹ̀ kò sì ju owó ojúlówó 240GB lọ. Mo rà á. Ó dé nínú páálí tó rẹwà, irin ni ara rẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́. Bàbá mi kó nǹkan bíi 90GB sínú rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà àti fóònù wọn. Orúkọ gbogbo fáìlì hàn níbẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́kù. Ọkàn wọn wá balẹ̀, wọ́n pa àwọn ohùn tó wà lórí fóònù wọn rẹ́ kí àyè lè wà fún òmíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan, àbúrò bàbá tó bí bàbá mi, tó ka oríkì agbolé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí wọ́n tó di olóògbé. Orúkọ fáìlì náà wà. Ìwọ̀n rẹ̀ wà. Ohùn kò sí nínú rẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n wá ní, "Ìyá mi, ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀." Ìyá mi ni wọ́n ń pè mí láti kékeré. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin o." Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tú nǹkan náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Pátákó iná kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, àti mẹ́mọ́rì káàdì kan, irú tí à ń kì bọ fóònù, tí wọ́n fi góòmù lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kí ó máa pe ara rẹ̀ ní 2TB. Bí àyè gidi inú rẹ̀ bá ti kún, kò ní sọ pé òun kò gba fáìlì mọ́; á máa gbà á wọlé, á máa kọ ọ́ lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kí ó dà á nù, orúkọ á sì wà lójú bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sí láti Ṣáínà gba ọjà kan, wọ́n máa ń kọ́ àwọn oníbàárà wọn pé kí wọ́n má wo ojú aṣọ, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Aṣọ tí wọ́n rì sínú ìkòkò aró, aró á mu ún tinú tòde. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ojú rẹ̀ á máa dán, ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun. Nígbà tí mo ròyìn SSD náà fún wọn, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "O ò yí i wò." Wọn ò fi bú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dání nígbà tí mo tún jáde lọ ra òmíràn.

Kí n tó jáde, mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ Bàbá mi lọ́ra. Àwo ló ń yí nínú háàdì díìsìkì, apá tín-ín-rín kan sì ń lọ ń bọ̀ lórí rẹ̀ láti kà á. Ti Bàbá mi ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Lójú, ìyẹn yá gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyípo kan gba nǹkan bí ìdá 8 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Kí apá náà tó dé ibi tó ń lọ, kí àwo tó gbé ohun tí à ń wá dé abẹ́ rẹ̀, yóò ti tó ìdá 13 nínú 1,000. Bí fáìlì kéékèèké bá wà káàkiri, èyí tó lè mú ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju bí 80 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí Windows tó ṣí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ló ní láti kà. Nínú SSD, kò sí àwo, kò sí apá, kò sí ohun tó ń yí. SSD tó lọ́ra jù lọ lọ́jà, bó bá ti jẹ́ ojúlówó, á ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà.

Ibi tí mo ti pinnu nìyẹn. Ẹni tó ń kúrò lórí háàdì díìsìkì kò gbọdọ̀ máa da owó sórí ìyára. Ìyára tó ń wá ti wà nínú èyí tó rẹlẹ̀ jù. Owó tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fi ra ojúlówó, kí ó sì fi ra àyè.

Bàbá mi bi mí pé ta ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí. Mo sọ fún wọn pé Fujio Masuoka ni, ará Jàpáánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, pé ní àwọn ọdún 1980 ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé irú mẹ́mọ́rì yìí jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní NAND sì jáde ní 1987. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni pé ṣé SATA ni àbí NVMe. SATA ni ọ̀nà tí àwọn háàdì díìsìkì náà ń gbà, ohun tó sì lè gba ibẹ̀ kọjá kò ju bí 550MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà tí NVMe ń gbà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ; àwọn kan ń ka 3,500MB, àwọn mìíràn ń sún mọ́ 7,000MB. Irú nọ́ńbà wọ̀nyí dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ Bàbá mi kò ní ojú ihò tí wọ́n ń fi í sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún M.2. Orúkọ ìrísí rẹ̀ ni M.2 jẹ́, pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní mílímítà 22, tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 80. SATA wà ní ìrísí yẹn, NVMe náà wà, àwọn lápútọ́ọ̀pù kan sì wà tó jẹ́ pé SATA nìkan ni ihò M.2 wọn ń gbà. Ẹ wo ẹ̀rọ yín dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé. Bó bá gba NVMe, ẹ ra èyí tó rẹlẹ̀ nínú wọn, ó ti tó.

Ohun tó wà nínú wọn ló gba ìrònú mi jù. Ẹ fojú inú wo kóńgò gààrí. Bó bá jẹ́ pé kíkún àti òfìfo nìkan la fẹ́ fi í dá mọ̀, ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Irú SSD tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní SLC, ó sì wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí kóńgò kan náà máa ní ìpele 4, ìyẹn ni MLC. Ìpele 8, ìyẹn ni TLC. Ìpele 16, ìyẹn ni QLC. Bí ìpele bá ṣe ń pọ̀ sí i ni nǹkan tí kóńgò kan lè sọ ń pọ̀, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń wálẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń wọn ìpele 16 ní láti rọra dà á, bí kóńgò bá sì ti ń gbó, ìpele kan kì í pẹ́ dà bí èkejì. Nínú SSD, àwọn yàrá tín-ín-rín inú rẹ̀ ni kóńgò, iná ni gààrí náà. QLC ní ibi kékeré kan tó máa ń yára gba nǹkan. Bí ìyẹn bá kún nígbà tí ẹ ń kó fáìlì ńlá wọlé, àwọn kan á lọ́ra débi pé háàdì díìsìkì á yá jù wọ́n lọ. Ilé tí wọ́n ti ń kó fíìmù wọlé lójoojúmọ́ á rí i. Ẹni tó ń kọ̀wé bíi Bàbá mi kò ní rí i rárá. Síbẹ̀, bí TLC bá wà, òun ni mo fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ DRAM, irú mẹ́mọ́rì kan tó yára gan-an. SSD ní àkọsílẹ̀ kan tó fi ń mọ ibi tó kó nǹkan kọ̀ọ̀kan sí. Àwọn kan ní mẹ́mọ́rì DRAM tiwọn tí wọ́n ń tẹ́ àkọsílẹ̀ yẹn sí, bíi Samsung 870 EVO àti Crucial MX500, wáráǹtì wọn sì jẹ́ ọdún 5. Àwọn tó rọ̀ jù wọ́n lọ, bíi Kingston A400 àti Crucial BX500, kò ní in. Wáráǹtì tiwọn jẹ́ ọdún 3. Àwọn NVMe tí kò ní DRAM lè yá díẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, SATA kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi gbogbo ẹnu sọ pé kí a má ra èyí tí kò ní DRAM láé. Owó tó wà lọ́wọ́ mi lè ra 250GB tó ní DRAM, tàbí 480GB tí kò ní. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì gbáko. SSD nílò àyè òfìfo kí ó tó lè máa tún inú ara rẹ̀ tò. Bó bá kún dé ẹnu, á lọ́ra, á sì tètè gbó. Fọ́tò àti ohùn tí Bàbá mi ń kó jọ sì ń pọ̀ sí i ni. Mo gbà pé 480GB tí ìdajì rẹ̀ ṣófo máa sàn fún wọn ju 250GB tí èémí ti ń há. Mo ṣì dúró lórí ìyẹn.

Ẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ń bà pé SSD máa "tán" kò kan ilé bíi tiwa. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ iye tí ẹ lè kọ sínú rẹ̀ kí ó tó gbó. Ti A400 jẹ́ 80TB fún 240GB, 160TB fún 480GB. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀rọ Bàbá mi ń kọ 20GB lójúmọ́, tí kò sì tó bẹ́ẹ̀, 160TB á gbà á ní ọjọ́ 8,000. Ìyẹn ju ọdún 21 lọ.

Mo lè lọ sí Òtígbà ní Ìkẹjà, níbi tí ọjà kọ̀ǹpútà pọ̀ sí jù. Mo ro owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀, mo sì tún ro ó pé bí nǹkan bá bàjẹ́, mo ní láti tún san owó ọkọ̀ yẹn kí n tó lè bá ẹni tó tà á fún mi sọ̀rọ̀. Mo yàn láti san díẹ̀ lé e níbí. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́, mo bi í bóyá mo lè yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lọ. Ó ní, "Àǹtí, tí a bá ti já ọ̀rá rẹ̀, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn." Mo kí i pé ó kú ọjà, mo jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kejì gbọ́ mi dé òpin. Mo sọ ti ohùn ìyá àgbà náà fún un. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí mi. Ẹ san owó, ká jọ tú u níbí." Ó fi wáyà USB so ó mọ́ lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ìlera díìsìkì ṣe rí. A rí i pé kò tíì lò ju wákàtí òdo, pé wọn kò tíì kọ nǹkan sí i. Ó kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí rìsíìtì, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo lè dá a padà láàárín ọjọ́ 3 bí mo bá rí àṣìṣe. Ó tún fi àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ nínú lápútọ́ọ̀pù hàn mí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ojúlówó, ìlera rẹ̀ ṣì wà ní 94 nínú 100, owó rẹ̀ sì rọ̀. Bí owó mi bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mi ò bá mú. Tòkunbọ̀ tí a mọ inú rẹ̀ sàn ju tuntun tí a kò mọ bàbá rẹ̀ lọ.

Nílé, mi ò tíì kó ohunkóhun sí i. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo fi H2testw kún un. Ọ̀fẹ́ ni ètò yìí: á kọ nǹkan sí SSD náà títí á fi kún bámú, lẹ́yìn náà á ka gbogbo rẹ̀ padà láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ ló ń kà. Àwọn tó ń lo Linux dípò Windows ní F3 tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí ni yíyí ẹ̀yìn aṣọ wò. Ayédèrú kò lè là á já, nítorí ibi tí àyè rẹ̀ bá tán sí ni irọ́ rẹ̀ máa hàn. Bàbá mi fa àga tì mí, a jọ ń wò ó. Wọ́n rí i pé 447 ni ẹ̀rọ ń pe 480, ojú wọn yí padà. Mo ṣàlàyé pé àwọn tó ṣe é ń fi 1,000 ka GB, Windows ń fi 1,024 kà á, pé ẹnikẹ́ni kò yọ nínú rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìṣírò wọn, wọ́n ṣe é fúnra wọn, wọ́n ní ó pé. Nígbà tí H2testw parí, ó ní kò sí àṣìṣe kankan.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti ra UPS kékeré kan, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Iná máa ń lọ ládùúgbò wa láìsọ tẹ́lẹ̀, SSD olówó pọ́ọ́kú kì í sì ní ohun tó lè gbé iná dúró fún un kí ó parí ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Lápútọ́ọ̀pù ní bátìrì, ó bọ́ nínú ìyẹn. Kọ̀ǹpútà abẹ́ tábìlì kò bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí màá kọ́kọ́ ná owó sí lẹ́yìn SSD, ibẹ̀ ni.

Mo fẹ́ fi ètò kan tó ń jẹ́ Clonezilla ṣe ẹ̀dà díìsìkì àtijọ́ sórí tuntun, àmọ́ 500GB ni ti àtijọ́, tuntun kò tó o, kò sì gbà. Mo fi Windows tuntun sí i, mo wá kó àwọn fáìlì tó ṣẹ́kù wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fífi SSD sínú ẹ̀rọ kò le: yọ wáyà iná, ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wáyà méjì, síkúrú mẹ́rin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá mi tan ẹ̀rọ náà, wọ́n sì dìde, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ adìẹ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá 24. Mo pè wọ́n kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo ní, "Bàbá, ó ti ṣí." Wọ́n padà wá, abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé abọ́ náà sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ṣí orí ìwé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Àwọn adìẹ dúró títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá ọjọ́ yẹn.

Mo sọ fún wọn pé SSD kì í dún káká kí ó tó kú. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó má jí lọ́la. Nítorí náà a ra háàdì díìsìkì àfọwọ́gbé kan ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, a fi H2testw kún òun náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú sì ni wọ́n ń kó ẹ̀dà sí i. Àwọn ohùn kò tó nǹkan ní ìwọ̀n, wọ́n wọ inú 15GB ọ̀fẹ́ tí Google ń fún ènìyàn, mo kó wọn síbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kì í pa nǹkan rẹ́ lórí fóònù mọ́ àyàfi bí a bá ti jọ tẹ̀ ẹ́, tí a sì gbọ́ ọ láti inú ẹ̀dà méjèèjì.

Ẹnì kan ṣì wà láyé nínú àwọn ọmọ ìyá àgbà tó ka oríkì yẹn. Lafẹ́nwá ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní àwọn kò mọ gbogbo rẹ̀, pé àwọn mọ ibi tí ìyá àwọn máa ń ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Wọ́n ní ká wá ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí bóyá àyè wà lórí fóònù.